Òbìrìkìtì Tí Mo Sọ Di Kékeré

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe lẹ́nu iṣẹ́, màá ní mo fi gbọ́ràn ni. Iṣẹ́ etí ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń tún rédíò ṣe fún àjọ kékeré kan tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn àti ẹni tó bá fara pa lágbègbè Iléṣà, èmi náà ni mo sì ń jókòó ti rédíò ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òṣogbo ni ilé mi wà, nítorí náà àràárọ̀ ni mò ń wakọ̀ lọ, tí mo sì ń wakọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá mi tó ṣiṣẹ́ rélùwéè kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí. Ó ní ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ nítorí etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ di í. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Àjọ wa fún mi ní ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní sìkánà, mo sì dè é mọ́ iwájú ọkọ̀ mi. Kì í ṣe wokitókì o. Sìkánà ń gbọ́ràn ni, kò lè fèsì. Gbogbo ìlà tí àwọn ènìyàn wa fi ń sọ̀rọ̀ ló ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá sì ti gbọ́ ohùn, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni jí-pí-ẹ́ẹ̀sì inú rẹ̀, tó máa ń mọ ibi tí ọkọ̀ mi wà. Màá fa òbìrìkìtì yí ìlú kan ká nínú rẹ̀, màá sì sọ fún un pé bí mo bá ti wọ inú òbìrìkìtì náà, kí ó ṣí ìlà ìlú yẹn; bí mo bá jáde, kí ó tì í. Bí mo bá ń kúrò ní Òṣogbo, ìlà Òṣogbo á dákẹ́, ti Iléṣà á sì là, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láàárín àwọn tírélà ojú ọ̀nà yẹn rí yóò mọ̀ pé àánú ńlá ni.

Lójú ọ̀nà náà, abúlé kan wà nínú igbó kòkó, ó wọnú díẹ̀ kúrò ní títì. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Fóònù kì í wọlé níbẹ̀ nítorí òkè tó yí i ká, ni àjọ wa bá fún àgbàlagbà kan ní wokitókì tó wà lórí ìlà Iléṣà kí ó máa fi pè wá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí èmi ọmọ Òṣogbo bá ní kí n fi ẹnu mi sọ Ìjẹ̀ṣà rẹ̀, màá bà á jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe yé mi.

Ohun tí iṣẹ́ ní kí Bàbá máa wí ní àràárọ̀ ni, “Àlàáfíà ni o,” kí ó sì pa á. Bàbá kò mọ ìyẹn. Ó mọ àsìkò tí mo ń kọjá, ó mọ̀ pé mò ń gbọ́ òun, ó sì mọ̀ pé n kò lè dáhùn. Á wá bẹ̀rẹ̀: Ruka ọmọ Òròkí, o kú ojúmọ́, o kú ọ̀nà, o kú òtútù. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá rẹ tí orúnkún ń dùn ńkọ́? Á dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé mò ń fèsì, á sì ní a dúpẹ́. Bí ààwẹ̀ bá dé, á kí mi kú ààwẹ̀, onígbàgbọ́ tí í ṣe. Ó ní ẹni tó ń dá wakọ̀ ní kùtùkùtù nílò ohùn ènìyàn. Bí mo bá dé ọ́fíìsì, màá gbé rédíò ńlá, màá ní, “Mo gbọ́ yín o, Bàbá. Ẹ ṣé, sà.” Ẹ̀rín rẹ̀ á gba gbogbo ìlà.

Ọdún méjì ni ó fi dùn mọ́ mi. Nígbà tó di ọdún kẹta, ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, n kò sùn dáadáa mọ́, mo sì fẹ́ kí inú ọkọ̀ mi pa rọ́rọ́ kí n tó dé ibi tí gbogbo ayé yóò ti máa pè mí. Ìkíni Bàbá wá sú mi. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé ìkíni rẹ̀ ti pọ̀ jù? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tí wọ́n kí tó ní kí wọ́n má kí òun mọ́, ìjà ló ń wá. N kò lè wí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sì sọ òbìrìkìtì Iléṣà di kékeré títí kò fi kọjá ẹ̀yìn ìlú. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Láti ọjọ́ náà, ìlà Iléṣà kì í là lọ́kọ̀ mi títí mo fi máa kọjá abúlé Bàbá jìnnà.

Bí mo bá sì dé ọ́fíìsì, mo ṣì ń ní, “Mo gbọ́ yín o, Bàbá.”

Irọ́ náà fẹ́ tú lẹ́ẹ̀kan. Bàbá bi mí lórí rédíò pé kí ni mo rí sí ohun tí òun wí láàárọ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, sà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi apẹ̀rẹ̀ ìgbín ńlá kan ránṣẹ́ sí mi, èmi tí n kì í jẹ ìgbín rárá: ìgbín ni ó ti ní òun fẹ́ fún mi, tí mo ní ó dára. Gbogbo ọ́fíìsì fi mí ṣẹ̀sín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ọjọ́ yẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Nígbà tí òjò dé, àrá ba ẹ̀rọ orí òkè jẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ló máa ń gba ohùn wokitókì Bàbá, tí yóò sì jù ú dé Iléṣà. Láìsí i, ohùn rẹ̀ kò lè kọjá ojú títì. A ń retí òmíràn. Mo yà sí abúlé lọ sọ fún Bàbá pé kí ó má bẹ̀rù.

Mo ní, “Èmi á máa gbọ́ yín bí mo bá ń kọjá láàárọ̀. Bí nǹkan bá wà, ẹ ṣáà pè mí, màá yà.”

Mo fi Ọlọ́run bura, òbìrìkìtì yẹn kò wá sí mi lọ́kàn. Mo ti pa irọ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi gbà á gbọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ayùn ẹ̀rọ yọ̀ lọ́wọ́ Délé, ọkùnrin kan tó ń la pákó nínú igbó wọn, ó sì gé e nítan. Wọ́n gbé e wá sílé Bàbá ní kùtùkùtù, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọlọ́kadà kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní kí ó dúró. Ó ní ọ̀kadà yóò gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, pé Ruka ti ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò àti àpótí ìtọ́jú, pé ó ń gbọ́ òun. Ó pè mí. Ó tún pè mí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́jọ́ yẹn kò kí mi rárá, orúkọ mi nìkan ló ń pè.

Èmi kọjá lóríta wọn, mò ń jẹ búrẹ́dì, sìkánà dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú mi. Bí ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi retí mi kí wọ́n tó gbé Délé sórí ọ̀kadà. Kò dé ọsibítù láàyè. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ọlọ́kadà náà wá sí ọ́fíìsì wa láti ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ní, “Àǹtí, ṣé kò sí o? Bàbá ní kí n wá yín kiri ojú ọ̀nà, pé bóyá mọ́tò yín ti dànù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ọkùnrin tí mo tì síta ń bẹ̀rù pé èmi ni mo kú.

Mo padà sí abúlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá jókòó síwájú ilé, wokitókì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo wà láàyè, ó ní òun ti sọ fún àwọn ènìyàn Délé pé mọ́tò mi ló bàjẹ́. Ó ti bá mi wá àwáwí sílẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, mọ́tò mi kò bàjẹ́. Mo ti ti ìlà yín pa lójú ọ̀nà láti oṣù mẹ́rin. Ìkíni yín ló pọ̀ lójú mi.”

Ó jókòó padà. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi.

Ó ní, “Ò bá ti sọ fún mi, Ruka. Ǹ bá dín in kù.”

Ó bá mi dé ọ̀dọ̀ ìyàwó Délé, mo sì fi ẹnu ara mi sọ òótọ́ fún un. Obìnrin náà kò wò mí. Mo sọ fún àwọn ọ̀gá mi náà, wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lé mi. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn tuntun báyìí. Mo ń sọ fún wọn pé bí ohùn ènìyàn kan bá sú wọn, kí wọ́n wí i fún un lójúkojú, àgbà ni o, ọmọdé ni o.

Ẹ̀rọ tuntun ti wà lórí òkè. Mo ti fa òbìrìkìtì Iléṣà títí ó fi kan ẹ̀yìn Òṣogbo, kò sì sí ibi tí mo lè wà lójú ọ̀nà náà tí n kò ní í gbọ́ Bàbá. Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ. Á ní, “Àlàáfíà ni o,” á sì pa á. Bí mo bá dé ọ́fíìsì, èmi ni mò ń kí i lórí rédíò wàyí. Màá kí i kú ojúmọ́, màá kí i kú òtútù, màá béèrè Màmá, ìyàwó rẹ̀, màá béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Bí mo bá parí, á ní, “Mo gbọ́.”