Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Kà

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Dassa, tí oòrùn sì tún yọ lójijì, òórùn kan máa ń jáde lára àwọn òkè wa tí n kò tíì gbọ́ níbòmíràn: òórùn àpáta gbígbóná tí omi ń gbẹ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ti ewé kajú tó ti ń jẹrà nísàlẹ̀. Òórùn yẹn ló gba imú mi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù keje, bí mo ti dúró ní oríta tí ọ̀nà Kútọnu ti ń wọ ìlú, tí mò ń retí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi kàyé ilé ẹ̀kọ́ kan há abíyá. Mo sì ti pinnu nínú ọkàn mi pé bí gbogbo òkè ìlú wa bá fẹ́ wó, kí wọ́n wó, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò ní í padà sí Kútọnu kó tún máa sọ ohun tó sọ.

Mo fi etí ara mi gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò mọ̀ pé ohùn ìyàwó rẹ̀ ń wọlé sí mi láti ẹ̀yìn: "Kí ni àwọn ọmọ fẹ́ fi oṣù kan ṣe ní Dassa? Ṣé òkúta ni wọ́n á máa kà ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, mo sì ní láti ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Èmi àti òun la jọ ń gbé, èmi tíṣà tí n kò kúrò nílé rí. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ọmọ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi sì ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà yẹn, kò sí èyí tó sùn nílé ìyá mi rí. Bí ìsìnkú bá wà, wọ́n á wá, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì padà lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi wá bẹ̀bẹ̀ fún: kí àwọn ọmọ náà máa wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun nínú ìsinmi gígùn, nígbà tí ojú òun ṣì lè dá wọn mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò fẹ́ràn ìjà ní kí àwọn kọ́kọ́ wá fún ọjọ́ mẹ́ta ná, ohun tí ìyàwó òun bá sì sọ lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ gé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni a fẹ́ fi pinnu gbogbo ọdún tó kù fún ìyá mi.

Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í fi nǹkan ṣeré. Mo kọ ètò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kàyé, mo fi rúlà fàlà sí i, bí ìgbà tí aláyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ bá ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀: ihò àpáta Arigbo tí a ti ń gbàdúrà sí Màríà, lẹ́yìn náà gígun òkè. Ọjọ́ Ẹtì: ọjà, àti iyán pẹ̀lú wàgáṣì díndín, wàrà àwọn Fúlàní, ní ilé oúnjẹ tó wà létí ọ̀nà Parakou. Àbámẹ́ta: oko àwọn ìbátan wa ní Lèma, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. N kò fi àyè tí ẹnikẹ́ni lè gbà dúró kó ní ara òun ti sú òun sílẹ̀ rárá.

Bí wọ́n ti dé, tí mo ti kí wọn kú ewu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ darí mọ́tò sí ọ̀nà ilé wa. Mo ní, "Ilé kò ní í sá lọ. Ẹ jẹ́ ká lo àárọ̀ yìí." Ó di Arigbo. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ra àbẹ́là, ó kúnlẹ̀ níwájú ère náà, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, èmi sì ń yọ́jú wo aago. Láti ibẹ̀, ó di òkè. A gùn ún lábẹ́ oòrùn, òógùn bo gbogbo wa, mo fi ọwọ́ na ìlú hàn wọ́n láti òkè, mo ya fótò. Àbíkẹ́yìn wọn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi Faransé béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn: "C'est tout?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn sí ìbéèrè náà. Oòrùn ti ń rọ̀ kí a tó dé ilé.

Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà lórí àpótí kékeré. Igbá omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi abọ́ bò ó. Aládùúgbò wa ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló da omi náà nù tó tún bu tuntun, nítorí kò fẹ́ kó lọ́wọ́ọ́rọ́ kí àwọn ọmọ tó dé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ta omi díẹ̀ sílẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ó fi fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n mu ún tán ló tó kí wọn káàbọ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Níbo lẹ wà láti àárọ̀?"

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì rò pé yóò yìn mí.

"Àlejò tí kò tíì mu omi ilé, ta ló ní ó ti dé?" ni ó wí. "Ìsinsìnyí ni wọ́n dé. Tòní kò sí nínú ọjọ́ mẹ́ta wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gidigidi, nítorí kò sí ọmọ Dassa tí kò mọ nǹkan yìí. A kì í béèrè ohun tó gbé ẹni wá lọ́wọ́ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé kí omi tó kan ọ̀fun rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí kí a gbé e gun òkè. Ìwàǹwára mi ló gbé mi dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, mo di kàyé mi mú. Ní Ọjọ́ Ẹtì a lọ sí ọjà, àwọn ọmọ ra kajú yíyan, Alájì tó ń ta aṣọ níbẹ̀ fún wọn ní àga kí wọ́n sinmi. Ní Àbámẹ́ta a lọ sí Lèma, èyí àgbà ní òun fẹ́ bá wọn bó gbágùúdá, ọ̀bẹ gé e níka, eré parí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣáà ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, Táńtí. Ẹ ti ṣe wàhálà púpọ̀." Mo ti ń ṣe tíṣà tipẹ́, mo mọ ìdúpẹ́ ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ní alẹ́ Àbámẹ́ta tí mo rí i tó ń ká aṣọ sínú báàgì, mo mọ̀ pé mo ti pàdánù. Kò sọ ohunkóhun nípa ìsinmi gígùn, èmi náà kò sì láyà láti béèrè.

Ìyá mi ló wọlé. Ó ní, "Ẹ̀ ń di ẹrù. Ọ̀la ṣì kù."

"Ìyá, mo ní iṣẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Ṣé ìwọ ni mo ń bá wí? Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo wa wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ ọmọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ká a tán, kò sì tú u. Nígbà tó yá ó ní, "Ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, omi náà la fi ń ka àlejò. Màmá kò ṣèrú. Ọjọ́ kan kù fún wọn." Ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi kọ́.

Ọjọ́ Àìkú dé, ẹ̀gbọ́n mi lọ lẹ́yìn ìsìn àkọ́kọ́, èmi sì ṣí kàyé mi, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo lọ bá ìyá mi kí n bi í pé kí la máa ṣe. Mo bá a tó ti fi ọ̀já gba ìdí, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Òkè là ń lọ."

"Ìyá, wọ́n ti gùn ún."

"Ta ló mú wọn gùn ún?"

Mo ní òjò rọ̀ lóru, àpáta ń yọ̀. Mo ní orúnkún rẹ̀ ńkọ́, orúnkún tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó ní bí òun bá ṣubú, ilẹ̀ ilé òun ni òun ṣubú sí. Ibi tí a fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gùn ní Ọjọ́bọ̀, a lò ju wákàtí méjì lọ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, yóò dúró, yóò mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìdí rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á débi pé ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Mo bẹ ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí a padà. Ó tún gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá mìíràn.

Nígbà tí a dé òkè, kò wo ìlú. Ó lọ tààrà síbi tí àpáta ti tẹ́jú, níbi tí àwọn ihò kan wà ní ìlà, gígùn bí apá, dídán bí inú àwo, tí omi òjò kún inú wọn. Ó jókòó tì wọ́n. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀wé, ó sọ fún ìyá bàbá rẹ̀ pé, "Mémé, Táńtí ní òjò ló gbẹ́ wọn."

Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo fi ẹnu tíṣà sọ ọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa fò láti inú ọ̀kan sí èkejì kí n lè ya fótò.

"Òjò?" Ìyá mi yíjú sí mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́n omi inú ọ̀kan nínú wọn dànù. "Ojú ọlọ ni. Ọwọ́ obìnrin ló gbẹ́ ẹ."

Ó wá sọ ọ́ fún wọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń fi Faransé tú u fún àwọn ọmọ níbi tí èdè Ìdáàṣà, èdè Dassa wa, bá ti le fún wọn. Nígbà tí ogun ń lé àwọn èèyàn wa, orí òkè ni wọ́n ń gbé, agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ọlọ tirẹ̀ lórí àpáta yìí, tí àwọn ìyàwó ilé fi ń lọ ọkà. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọ ilé wa, kò sẹ́ni tó ń lọ ọkà níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ti wà ní ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ mú un gòkè lọ́sẹ̀ náà gan-an, ó sì fi ti ilé wa hàn án. Ohun tí ó yẹ kí òun náà ti ṣe fún ìyàwó ọmọ òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n Kútọnu ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọn kì í sì í dúró mọ́jú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn ihò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Màmá, èwo ni tiwa?"

Tiwa, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ìyá mi ní kó sún mọ́ òun. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú ìkẹta láti etí, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Obìnrin náà bú sẹ́kún níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, kò bojú. N kò ní í purọ́ fún ọ, inú mi dùn, owú sì jẹ mí. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo bi ìyá mi ìdí tí kò fi fi hàn mí rí.

"Ìwọ?" ni ó wí. "Ta ní í fi ilé han ọmọ ilé? Ìwọ náà kò sì béèrè rí."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pe ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó ní oṣù kẹjọ, lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ti di ti Màmá, òun náà yóò sì máa wá bí òun bá ti gba ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí wọ́n fi hàn án. Ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí, wọn kò yẹ̀ ẹ́ rí. Fún ìgbà pípẹ́ mo rò pé mo kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ náà fẹ́ràn ìlú wa ni, pé bí wọ́n bá ti rí ohun tó dára tó pọ̀ tó, wọ́n á padà wá; n kò rò ó pé ẹni tó bá ti di onílé kò ní í tọrọ àyè mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dé, kò tíì sinmi tán tó fi wọ ilé ìdáná, ó kó gbogbo ìkòkò ìyá mi kúrò níbi tí mo ti ń kó wọn sí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n, ó tò wọ́n síbi tó wù ú, láì bi ẹnikẹ́ni. Inú bí mi débi pé mo lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá mi kò gbórí sókè. Ó ní, "Ilé rẹ̀ ni." Mo padà lọ béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà ibi tó kó ìdérí sí.