Bárò Méje àti Ènì

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Fènìsí-i, ọ̀rọ̀ bárò ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ayé. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ọ̀gbàrá wọ́ ojú ilẹ̀ oko rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè, ó kó o dà sí oko Ìyá Aránṣọ tó wà nísàlẹ̀. Òjò kò tíì dá tán tí bàbá fi ti bárò dé, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó ní òun wá kó ilẹ̀ òun.

"Ilẹ̀ wo, Bàbá?" Ìyá Aránṣọ kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ilẹ̀ mi tó wá kí ọ. Bárò mẹ́wàá ni."

"Òjò ló gbé e wá. Ẹ lọ bá òjò."

"Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiyín ni?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà ògbólógbòó kan yọ nínú ẹrẹ̀. "Bàtà oko mi rèé. Ṣé òun nìkan ló dá rìn wá ni?"

Wọ́n ná an títí oòrùn fi yọ. Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ láti orí bárò mẹ́rin, wọ́n parí ẹ̀ sí méje. Nígbà tí ìkeje kún, bàbá tún bu ṣọ́bìrì kan lé e. "Ènì nìyẹn," ló wí, ó sì ti bárò rẹ̀ gòkè lọ. Kò sí ohun tó ń gbà láyé tí kì í béèrè ènì lé. Nọ́ọ̀sì ka oògùn mẹ́fà fún un nígbà kan, ó ní kó fi ọ̀kan sí i.

Ìyá Aránṣọ sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbàárà rẹ̀ títí tó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú. Òjò ìgbà yìí kò rọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Yóò kọ̀ fún oṣù gbọọrọ, nígbà tó bá sì fẹ́ rọ̀, yóò da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kòtò ọ̀gbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan ló ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó sì ti ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá sí ògiri yàrá tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà. Yàrá yẹn ni gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì àgbẹ̀. Ó gún irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ lóko bàbá, irin kò wọlẹ̀ ju ìka kan lọ.

"Ilẹ̀ yìí ti kú," ló wí. "Tòkè tìsàlẹ̀, kí gbogbo yín kó kúrò níbí, kí ilé má baà wó lù yín."

"Ta ló sin ín?" bàbá béèrè. "Ẹ fún wa ní ọdún mẹ́rin."

"Ọdún kan."

"Mẹ́ta."

"Bàbá, ìjọba kì í ná ọjà!"

"Wọn ò tíì pàdé mi ni. Ó yá, ọdún méjì, kẹ́ ẹ fi oṣù kan ṣe ènì."

Ọ̀gá náà kọ ọdún méjì àti oṣù kan sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó délé, kò lè ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sójú oko láti dá omi dúró. Ó ta okùn, ó to òkúta tẹ̀lé e, ó tọ́ gbọnrangandan. "Ojú mi tó ìwọ̀n," ó ń fọ́nnu kiri. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi tẹ̀lé òkúta títí dé ibi tó rẹlẹ̀ jù, ó ya ibẹ̀, ó sì gba ilé ìdáná Ìyá Aránṣọ kọjá. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ tòun tọbẹ̀.

Ìyá Aránṣọ fi ìbínú gun òkè. "Ẹ san ìkòkò mi!"

"Ìsàlẹ̀ ló gbà lọ. Lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ, má sì gbàgbé bárò."

Ó fẹ́ bú u, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ìlà òkúta yẹn, ó pòṣé.

"Bàbá, ṣé báyìí lẹ máa rán síkẹ́ẹ̀tì fún obìnrin onídìí ńlá? Tí mo bá gé etí ẹ̀ tọ́ lórí tábìlì, tó bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn á ká sókè, iwájú á máa wọ́lẹ̀. Màá ní kó dúró ni, màá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, màá fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Lórí tábìlì, ìlà yẹn á wọ́. Lára ẹ̀, á gún régé. Òkè yín yìí nídìí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí òkúta yí i po!"

Bàbá yíjú wo òkè rẹ̀. "Lórí òkè, níbo ni ilẹ̀ títẹ́ tí màá ti wọ̀n ọ́n wà?"

"Omi. Omi kì í ṣègbè."

Bí wọ́n ṣe wá rọ́bà ìfami gígùn kan tó mọ́ gaara nìyẹn, wọ́n rọ omi sí i. Bàbá di ẹnu kan mú, Ìyá Aránṣọ di èkejì mú. Ibi tí omi bá ti dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á kan èèkàn síbẹ̀. Wọ́n to ìlà márùn-ún, wọ́n gbin koríko sẹ́yìn wọn. Àwọn ará àdúgbò ní ọtí ló to òkúta wíwọ́ báyẹn. Bàbá ń sọ fáyé pé òun nìkan ló ronú rẹ̀. Ìyá Aránṣọ gbọ́, ó ní kó dá ìkòkò òun padà.

Lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù kan, ọ̀gá padà dé. Ó gún irin mọ́lẹ̀ láàárín àgbàdo tó ga jù ú lọ. Irin wọlẹ̀ títí dé ibi tó fi ọwọ́ dì mú, ó há. Ó fà á, fà á, ó fìdí jókòó gbì.

"Ẹ fi sílẹ̀," bàbá wí. "Òun ni ènì."

Òkè mì tìtì fún ayọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fa ìwé ẹ kó kúrò ya, ó sì kó àwọn àgbẹ̀ ibòmíràn wá kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, bàbá fa irin náà jáde díẹ̀, ó sọ ọ́ di ibi tó ń fi fìlà kọ́. Kòtò ẹ̀yìn ilé Ìyá Aránṣọ sì dúró, koríko hù nínú rẹ̀.

Ọdún yìí ni bàbá kú, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò tó wá rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbà ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá Aránṣọ dúró lójú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ta ló kù tí yóò bá òjò ná an?

Nígbà tó dá, ó mú téèpù lọ sẹ́yìn ilé. Kòtò kò fi íńṣì kan sún. Ó rìn dé ààlà oko bàbá, ó bá ọmọbìnrin bàbá níbẹ̀, tó ń yẹ òkúta wò. Omi tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ mọ́ lóló. Gbogbo ilẹ̀ tí omi kó bọ́ sísàlẹ̀ kò ju abọ́ kan lọ.

"Bàbá mi sọ ìlà yìí lórúkọ," ọmọ náà wí. "Ìṣẹ́tí Aránṣọ. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún yín títí àwọn á fi lọ, kẹ́ ẹ má baà tún béèrè ìkòkò."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó dùn ún pé ẹni tí òun ìbá bá jà ti lọ. Ó gba abọ́ kan lọ́wọ́ ọmọ náà, ó kó ilẹ̀ yẹn sínú rẹ̀. Kó tó gòkè, ó yà sóko tirẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ó gbé e dé ìdí irin tí fìlà bàbá ṣì wà lórí rẹ̀, ó rọra dà á síbẹ̀.

"Ilẹ̀ yín rèé, Bàbá, ó pé," ló wí. "Mo ti fi ènì sí i."