Àṣekágbá Ọjọ́ Sátidé

Lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, èmi ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Rẹ́mọ. Kì í ṣe pé mo mọ bọ́ọ̀lù gbá ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ balógun ṣáájú mi kó tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí kò padà wá, wọ́n gbé ipò rẹ̀ fún mi bí ẹní ń pín ogún. A kò rí òkú rẹ̀ sin. Ìyá wa ní Ìperu kò gbà pé ó kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá se oúnjẹ ni wọ́n ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Èmi náà, pẹ̀lú orí kunkun mi, mo búra pé màá gbé ife ọdún yẹn lọ fún wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń gbá iwájú, ọmọ Ìlíṣàn. Ìgbà márùn-ún la jáde lọ́dún náà, Ọjọ́rú ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí, a kò sì pàdánù ẹyọ kan. Ní Ìkẹ́nnẹ́, nínú òjò, òun nìkan gbá méjì wọlé. A gbé e lé èjìká títí dé ìdí lọ́rì, ó ń pariwo pé ká sọ òun kalẹ̀, pé à ń fi ẹrẹ̀ kun aṣọ òun. Ẹni tí ẹrẹ̀ ti bò dé irun orí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àṣekágbá sí ọjọ́ Sátidé, ní Ṣàgámù, kí àwọn èèyàn pàtàkì lè ráyè wá wò ó. Ìjọ tí wọ́n bí ọ̀rẹ́ mi sí kì í ṣiṣẹ́, wọn kì í ṣeré, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ títí yóò fi wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi fẹ́ bó.

"Bí oòrùn bá ti wọ̀, màá wọlé," ó ní. "Bí wọ́n bá fi àkókò kún un, ẹ máa rí mi."

"Ta ni yóò wá bá wa ti oòrùn wọlẹ̀?" mo bi í. Kò rẹ́rìn-ín.

A ta ọ̀mì, góòlù kan sí ẹyọ kan. Wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lóòótọ́. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí ni wọ́n gbá ìkejì wọlé wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sídìí lọ́rì, èmi jókòó sáàárín pápá, mò ń sunkún. Ọwọ́ òfo ni màá fi wọlé tọ ìyá mi lọ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi wọ pápá. Láti aago mẹ́rin ló ti jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà, ó kọ ẹ̀yìn sí pápá kó má baà wòran. Ó gbé bàtà bọ́ọ̀lù kọ́ ọrùn, jẹ́sì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Oòrùn ti wọ̀," ó ní. "Mo ti dé."

Mo gbójú sókè wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró de oòrùn kó tó lọ kú."

Ẹyin lohùn. Ó bọ́ jẹ́sì náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì lọ. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde ilé ìwé. Ó ṣe olùkọ́ ní Ìlíṣàn, èmi ṣe tèmi ní Ìperu. Lónìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá máa gbé mi débẹ̀ kí iṣu orí iná tó jinná. Ó lé ní àádọ́ta ọdún, n kò lọ. Ojú ló kọ́kọ́ ń tì mí. Nígbà tí ìtìjú náà gbó tán, ó di ìgbéraga.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ ní yunifásítì, wá sílé mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní bàbá òun ti kú, pé kí n jọ̀wọ́ wá sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú.

"Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín dáadáa, sà," ó ní. "Wọ́n ní gbogbo èèyàn ti lọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró dè wọ́n lórí pápá títí oòrùn fi wọ̀."

Ká ní bàbá rẹ̀ ti ròyìn ohun tí mo sọ sí i lọ́jọ́ náà fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni, ìyẹn ì bá dùn mí mọ níwọ̀n. Mo wọlé lọ bí ẹni tó fẹ́ bu omi fún un, mo sunkún ní kíṣìnì.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gba máìkì. Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo dúró dè é. Òun ló dúró dè mí, láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, n kò sì lọ."

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Wọ́n rò pé àgbà ń pa òwe ni. Ọmọ rẹ̀ wá di ọwọ́ mi mú, ó mú mi lọ sí àga iwájú láàárín àwọn ẹbí, mo sì jókòó.