Imú Tó Dití àti Kéèkì Alájà Mẹ́ta

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé tíì kan tó wà ní igun òpópónà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́, gbé kéèkì míǹtì àti ṣokoléètì kan kúrò nínú àpótí onígíláàsì rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ègé méjì péré ni wọ́n tíì tà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì tó rà á ló sì dá a padà. Mo bi ìyá tó ni ilé tíì náà, mo bi ọmọbìnrin tó ń gbé àwo, mo sì wá ọ̀kan nínú àwọn tó dá a padà kàn, akọ̀wé kan ní ilé ìfowópamọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀ síra. Akọ̀wé náà ní, "Kò burú fún eyín. Ṣùgbọ́n kéèkì ni mo rà, mi ò ra ọṣẹ ìfọyín."

Ẹni tó ṣe kéèkì náà ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ ládùúgbò rẹ̀. Ìwà rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ìrìn rẹ̀ ni. Bó bá ti gbé páálí kéèkì jáde lẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni gbé ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Àwọn aládùúgbò á ní, "Jẹ́jẹ́ o, Àǹtí." Òun náà á dá wọn lóhùn láìwẹ̀yìn pé, "Ẹ dákẹ́ fún mi, kó má baà jí."

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe kéèkì nílé. Ilé ìdáná rẹ̀ há débi pé ẹni méjì ò lè kọjá ara wọn níbẹ̀ àfi kí ọ̀kan fa ikùn sẹ́yìn. Fíríìjì méjì ló wà níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì máa ń gba ipò ara wọn. Ìlẹ̀kùn ófùn rẹ̀ kì í dé tán àfi bí wọ́n bá ki páálí kíká sí i létí. Inú ófùn yẹn ni gbogbo kéèkì tí ilé tíì náà ń tà ti ń jáde, èyí tí àwọn èèyàn sì fi mọ ilé tíì náà jù lọ ni kéèkì míǹtì rẹ̀: alájà mẹ́ta, ṣokoléètì ni àjà kọ̀ọ̀kan, áísìn aláwọ̀ ewé sì wà láàárín wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ni pé imú Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti dití.

Láti oṣù Kìíní ni. Ọ̀fìnkìn kan mú un, ó dá a dùbúlẹ̀, ó lọ, ó sì kó òórùn gbogbo lọ. Kò gbọ́ òórùn ṣokoléètì mọ́, kò gbọ́ ti bọ́tà tó ń yọ́, kò gbọ́ ti gáàsì. Ohun tó dùn ṣì ń dùn lẹ́nu rẹ̀, èyí tó korò ṣì ń korò, ṣùgbọ́n ó ní bí ẹni ń jẹ páálí tí wọ́n fi ṣúgà ra ni gbogbo rẹ̀ ń rí. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kò sì sọ fún ẹlòmíràn. Ó ní ìdí. Bàbá kan wà tó ń ṣe búrẹ́dì fún ilé tíì náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá náà jẹ́wọ́ pé ahọ́n òun ò dá iyọ̀ mọ̀ mọ́, Ìyá Onítíì kí i kú iṣẹ́, ó sì wá ẹlòmíràn. Gbólóhùn tó sọ lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò létí Àǹtí Jẹ́jẹ́: "Ẹni tí kò bá lè tọ́ nǹkan wò, kò lè bá mi sè é."

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Míǹtì ní ohun kan tí kì í gba imú kọjá: ó máa ń tutù lórí ahọ́n. Àǹtí Jẹ́jẹ́ á fi ṣíbí bu áísìn díẹ̀, á di ojú, á wo bí òtútù náà ṣe tó, òun ló sì fi ń mọ̀ bóyá omi míǹtì tó ń kán sí i látinú ìgò kékeré kan ti tó. Mi ò gbà á gbọ́ nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo sì lọ bi dókítà kan. Dókítà ní òótọ́ ni, òtútù yẹn kì í ṣe òórùn, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà dé ọpọlọ. Ó wá fi ohun tí mi ò béèrè kún un: téèyàn bá ń fi míǹtì kan ahọ́n léraléra, ahọ́n á kú. Míǹtì á wà níbẹ̀, ahọ́n ò ní mọ̀.

Bí kéèkì ọjọ́ kẹsàn-án ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ó tọ́ ọ wò, ó tutù. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó tún un tọ́ wò, ó dà bíi pé ó ti dín kù. Ó kán díẹ̀ sí i. Ó tún tọ́ ọ wò. Ẹ̀rù ń tọ́ ọ wò, ẹ̀rù ń fi kún un, títí kéèkì fi di ti oníṣègùn eyín.

Ìyá Onítíì ò pariwo. Ó kàn ní, "Mo máa wá sílé yín lọ́jọ́ Ajé. Ibi tí ẹ ti sè é ni mo ti máa jẹ ẹ́. Bó bá tún rí báyìí, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Mo ti rí ẹlòmíràn tó lè ṣe gbogbo rẹ̀."

Gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé kì í ṣe míǹtì nìkan.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé náà. Ìròyìn lórí àwọn tó ń se nǹkan tà nílé ni mo wá kọ, a sì ti fi àdéhùn sí i kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa imú nígbà tí mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ ní kí n kọ ọ́, pé ó ti rẹ òun láti máa gbé e pamọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó yọ́ ṣokoléètì lórí omi gbígbóná, ó pò ó mọ́ ẹyin àti ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ geere bí ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé páànù sínú ófùn, á bẹ̀rẹ̀, á yọjú, á dìde, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbé aago kan tó rí bí ẹyin sórí tábìlì, ó sì ń wò ó bí ẹni ń wo ọlọ́pàá. Nígbà tí imú rẹ̀ ń gbọ́, òórùn ni aago rẹ̀. Á wà ní yàrá lọ́hùn-ún, á ní, "Ó ti jinná," kì í sì í tàsé.

Páànù méjì ni ófùn náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Aago dún, ó yọ wọ́n, wọ́n dúró dáadáa. Ó ti páànù kẹta wọlé, ó yíjú sí áísìn. Ó po bọ́tà mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú títí ó fi funfun, ó fi àwọ̀ ewé sí i, ó ṣí ìgò míǹtì. Ó kán an. Ó fi ṣíbí bù ú, ó di ojú.

Lẹ́yìn náà ó ju ṣíbí sínú omi ìfọbọ́, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti bá ara rẹ̀ pinnu. Mo rí i tí ojú rẹ̀ tún lọ sórí abọ́ áísìn. Ó fà á kúrò. Ó tún padà.

Ó ní, "Ó tó àbí kò tó?"

Mo ní mi ò tíì jẹ ẹ́.

"Ẹ má dá mi lóhùn, oníròyìn. Ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Mo ti ń gbọ́ òórùn kan nígbà náà. Mo rò pé bí ṣokoléètì ṣe máa ń rùn nìyẹn.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Eyínfúnjowó wọlé. Àbúrò ọkọ Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni, ilé yìí kan náà ló ń gbé. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó wọ ilé ọkọ, kò mọ̀ pé ọmọ náà máa di nọ́ọ̀sì eyín lọ́jọ́ iwájú. Ó wá jẹun ọ̀sán ni.

"Ìyàwó wa, kí ló ń jó?"

"Kò sí nǹkan tó ń jó."

"Kò sí kẹ̀? Mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì."

Ó fa páálí yọ létí ófùn, ó ṣí i. Èéfín bò ó lójú. Aago tó rí bí ẹyin dákẹ́ lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó yí i fún páànù kẹta. Etí kéèkì náà ti dúdú kọjá ti ṣokoléètì. Eyínfúnjowó gbé e kalẹ̀, ó wo páànù, ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró ti ófùn jù wá lọ.

"Ìdí ẹ̀ lẹ dúró sí."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń nu ọwọ́ tí kò tutù.

"Láti ìgbà wo?"

"Ìgbà wo kí ni?"

"Ìyàwó, ẹ má fi mí ṣeré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo da lọ́fíńdà tuntun sára, mo kọjá níwájú yín títí, ẹ ò bú mi. Mo ní bóyá ẹ ti ń fẹ́ràn mi."

"Láti oṣù Kìíní."

"Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún gbogbo ẹni tó ní fíríìjì."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ jókòó. Ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè, títí kan ìfura rẹ̀ pé míǹtì ló ń pa ahọ́n òun, kíákíá, bí ẹni tó ń bì. Àjà kan ti jóná, kò sí àsìkò fún òmíràn, Ìyá Onítíì sì máa tó dé.

Eyínfúnjowó ò jẹ́ kó sunkún. "Méjì tó kù ga, ẹ là wọ́n sí méjì-méjì. Ilé á sì lé ní alájà mẹ́ta." Ó wọ inú báàgì rẹ̀, ó yọ òwú tí wọ́n fi ń yọ oúnjẹ láàárín eyín. "Èyí á là á geerege."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ gbà á, ó yí páálí rẹ̀ wò. "Míǹtì wà nínú ẹ̀?"

Eyínfúnjowó ka ara páálí náà. Ó dá a padà sínú báàgì. Òwú ìránṣọ ni wọ́n fi là á.

Ó wá ku áísìn. Àǹtí Jẹ́jẹ́ na ṣíbí tuntun sí àbúrò ọkọ rẹ̀. Kì bá ti fún ọkọ rẹ̀, ká ní ó wà nílé. Bí wọ́n bá fún ọkùnrin yẹn ní pátákó tí wọ́n wọ́n ṣúgà sí, á ní ó dùn. Eyínfúnjowó tọ́ ọ wò.

"Ó kù díẹ̀."

"Ó kù?"

"Míǹtì ò tó. Ẹ fi kún un."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ mú ìgò náà, kò sì kán an. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó: ẹni tó ń gbé láàárín ọṣẹ ìfọyín láti àárọ̀, ta ló mọ̀ bóyá ahọ́n tirẹ̀ náà ò tíì kú? Ọ̀rọ̀ "ẹ fi kún un" yìí náà ló sì ba tọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́.

"Ẹ fi omi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ tún un tọ́ wò."

"Èmi ni mo máa ń sọ ìyẹn fáwọn èèyàn."

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ó yọ ẹnu, ó tu omi náà, ó dúró díẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ má fi nǹkan kan sí i."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó kù ni."

"Ṣingọ́ọ̀mù onímíǹtì ni mò ń jẹ bọ̀ látibi iṣẹ́." Ó dẹ ohùn. "Ó dáa báyìí, ìyàwó. Òótọ́ ni mò ń sọ."

Èwo ni ká gbà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì? Àǹtí Jẹ́jẹ́ dé ìgò náà pinpin, ó fi í sí mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi dì í mú. Bí mo bá bẹ̀ yín, ẹ má fún mi."

Ó bẹ̀ mí kí wọ́n tó fi áísìn náà lé kéèkì tán. Mi ò fún un.

Ìyá Onítíì dé bó ṣe sọ. Obìnrin tó ga ni, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Nǹkan jó níbí."

Eyínfúnjowó ní, "Búrẹ́dì mi ni, mà."

"Búrẹ́dì oníṣokoléètì," ni Ìyá Onítíì wí, ó fa àga.

Wọ́n gé e fún un. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀kì, ó sì ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àjà kan lẹ́yìn òmíràn. Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ń kùn, Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń wo ọ̀fun ìyá náà bó ṣe ń gbé e mì, ó ti fi èékánná ya etí ápírọ́ọ̀nù rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí ègé náà tán, Ìyá Onítíì fi ìka tẹ èérún tó kù nínú àwo, ó lá a.

"Ẹ gbé e wá lọ́jọ́bọ̀, bó ṣe rí yìí gan-an."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Ìyá Onítíì dìde, ó wọ awò ojú rẹ̀ padà, ó wá wò wá dáadáa: èmi tí mo di ìgò míǹtì mọ́wọ́, Eyínfúnjowó tí áísìn aláwọ̀ ewé wà létí ẹnu rẹ̀, àti ìyàwó ilé tó ń wo ilẹ̀.

"Àǹtí, ọwọ́ yín ni mo jẹ yìí, mo mọ ọwọ́ yín. Ẹnu ta lẹ fi tọ́ ọ wò?"