Ṣọ́ọ̀bù Doyinsọ́lá Tó Kọjá Pèrègún

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo jowú Doyinsọ́lá. Ata la jọ ń lọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló yọ síwájú, tèmi wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá gbé ata bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé.

Ọmọ Ìṣẹ́ ni, opó ni; Ìyá Ṣeun ni wọ́n máa ń pè é. Moses ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà kó tó kú. Obìnrin náà kì í jà, kì í ṣòfófó. Ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú!

Ọdún kẹta tí a gba Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni àwọn òṣìṣẹ́ kánsù gbé tépù ìwọnlẹ̀ dé. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà. Wọ́n ní ìjọba ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un láti ayé òyìnbó, àwọn àgbà sì ti gbin pèrègún sí ààlà rẹ̀. Wọ́n wá pèrègún títí, igbó ti bò ó. Ọ̀gbẹ́ni Akíndélé, ọ̀gá wọn, ti ń ká tépù. Bí wọn ò bá rí i, ṣọ́ọ̀bù Doyinsọ́lá bọ́ lọ́wọ́ wíwó nìyẹn. Ahọ́n ń yún mi.

"Ọ̀gá, ẹ wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Pèrègún mẹ́ta ń bẹ níbẹ̀."

"Ìyá Gift, ẹ ṣeun o."

Wọ́n rí i pé ṣọ́ọ̀bù náà ti kọjá ààlà, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì wíwó sára ògiri rẹ̀. Nígbà tí Doyinsọ́lá ti oko dé, ó fọwọ́ pa ògiri náà. "Orí ni Moses fi ru búlọ́ọ̀kù yìí." Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n wó o. Ṣọ́ọ̀bù tèmi wá kojú sí títì gbayawu. Doyinsọ́lá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà, Ìyá Olúbùnmi gbé ẹ̀wà kọjá lójú mi.

"Ibo lẹ ń lọ? Ẹ̀rọ rèé!"

"Ulé Ìyá Ṣeun ni. Ṣé ẹ ti fọ ata kúrò nínú tiyín? Àkàrà tí mo fi ẹ̀wà tí ẹ lọ̀ dín lọ́jọ́sí, ńṣe lẹnu àwọn ọmọ ń ta."

Omi jìnnà sí wa, n kì í fọ̀ ọ́. Doyinsọ́lá máa ń fọ tirẹ̀.

"Èmi náà lè fọ̀ ọ́ o!"

"Ẹ fọ̀ ọ́ ná, ká rí i," ó ní, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ.