Bàbá Àgbà Tó Dá Rélùwéè Dúró

Fíríìjì ni Ṣótúndé ọkọ mi ń tún ṣe ní Sabon Gari, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀ jù ni fífọ́nnu. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ pé ọ̀gá stéṣọ̀n ni bàbá tó bí bàbá òun. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ gbé fọ́tò àwọn tó dá a sílẹ̀ kọ́ ògiri, ó gbé ti bàbá àgbà rẹ̀ wá pé ọ̀gá stéṣọ̀n tó wà lára wọn nìyẹn. Alàgbà Adétúnbọ̀ ní irọ́ ni, pé àsíá lásán ni bàbá náà ń fì sí rélùwéè, àwọn èèyàn ńlá ló sì ni ògiri. Ọkọ mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú, torí kì í fi oúnjẹ ṣeré.

Ló bá wọ́ mi lọ sí abúlé tí bàbá náà ti ṣiṣẹ́, kó lè gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀kadà gbọ̀n mí débi pé ìdí ń ta mí. A débẹ̀, wọ́n ní Gidan Mai Tuta lorúkọ abúlé, ìyẹn Ilé Alásìíá. Mo wo ọkọ mi, òun ń wo bàtà rẹ̀.

Baálé sọ fún wa pé igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aboyún kan ń rọbí lẹ́bàá irin, bàbá bá na àsíá pupa, ó dá rélùwéè dúró, wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ kejì ni òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ lé bàbá kúrò níṣẹ́. Ọkọ aboyún náà wá kọ́lé síbẹ̀, ó fi bàbá sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ni ìyá arúgbó tó jókòó tì wá.

Baálé ní kí ọkọ mi kọ ohun tó bá wù ú sínú ìwé, òun á lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹnu ọkọ mi là fún ẹ̀rín! Ó gbá bírò mú. Ìyá náà bi í ní Hausa pé: "Ṣé wàá kọ ọ́ pé òun ló jẹ́ kí n wà láyé?"

Mo mọ ọkọ mi, mo rò pé ọ̀gá stéṣọ̀n ló máa kọ.

"Àsíá ló ń fì," ló kọ, "ó sì dá rélùwéè dúró."

Nígbà tí a mú ìwé náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, Adétúnbọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀ ni wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọkọ mi ń dúró níbẹ̀, á na ọwọ́ dá ẹni tó fẹ́ tọ̀ dúró, á ròyìn tán kó tó jẹ́ kó kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kan Adétúnbọ̀. Alàgbà gbọ́ ọ dé òpin, ó ń jó lórí ẹsẹ̀ kan.