Àyè Arlene

Norbert Wachholz ló ni gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù yíyí tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ irin ní ìlú Racine ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù wó igi mẹ́wàá tí wọ́n tò síwájú, ogójì ọdún gbáko ló sì fi ń wá èèyàn kún un. Kì í ṣe ẹni tí í jókòó de oníbàárà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde lẹ́nu géètì, á ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìkéde lọ́wọ́. Bí ìsìn bá parí, á ti wà níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa bi àwọn ìyá àgbà bóyá apá wọn ṣì le. Ó ri irin ìdìmú mọ́lẹ̀ fún àwọn afọ́jú, kí wọ́n lè mọ apá ibi tí igi mẹ́wàá náà wà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ títí ó fi sú gbogbo ayé: àyè kan kò gbọdọ̀ ṣófo.

Arlene ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó bàtà tí wọ́n ń háyà fún àwọn oníbàárà. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, tí àwọn àgbàlagbà bá ń díje, òun, Norbert àti Delmar Buchta, akọ̀wé ìdíje, ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Delmar á kọ́kọ́ yí bọ́ọ̀lù, Arlene á tẹ̀ lé e, Norbert á kádìí rẹ̀.

Arlene kú ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, Norbert kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́. Òfin ní bí ẹnìkan kò bá wá, kí wọ́n fún un ní iye igi tó sábà máa ń wó, kí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò. Ẹni tí kò wá ni òfin ń sọ, kì í ṣe ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ lójú Norbert? Delmar ń kọ iye náà lọ. Bó bá sì kan Arlene, Norbert á jókòó ní ìwọ̀n ìgbà tí obìnrin náà ìbá fi yí bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kó sì padà wá jókòó, kí òun tó dìde. Gbogbo wọn á dúró dè é.

Nínú yìnyín oṣù Kìíní ni Verna Tollefson wọlé, opó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sítòsí ọmọ rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù sínú báàgì àtijọ́, ó ní òun ń wá ẹgbẹ́ tí òun lè bá ṣeré. Norbert ní gbogbo ẹgbẹ́ ti kún. Obìnrin náà dúpẹ́, ó tọrọ àyè láti jókòó wòran. Ọjọ́rú kejì, ó tún wá, àti ẹ̀kẹta, ó fi báàgì náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Obìnrin yìí ti wá lẹ́ẹ̀mẹta,” ni Delmar wí.

“Kò sáyè.”

“Ìwọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tó o wá bá mi ní ọsibítù nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹsẹ̀ mi, tó o ní kí n wá máa jókòó yí bọ́ọ̀lù?”

“Àyè Arlene ò ṣófo.”

Delmar fi bírò sílẹ̀. “Ọ̀rẹ́ mi, Arlene ò wá.”

Norbert bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tó ti ń ké sí èèyàn, ó mọ ojú ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Òun náà ń rí i nínú dígí. Ó lọ bá Verna, ó ní àyè kan wà.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Verna yí jábọ́ sí kòtò ẹ̀gbẹ́. Ìkejì wó igi méje. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó padà wá jókòó. Norbert kò dìde.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin ló kàn,” ni Verna wí.

“Mo mọ̀.”

Láti ìgbà tí Arlene ti kú, inú àkókò kékeré tó fi ń jókòó dè é yẹn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń pàdé. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi í tọrẹ fún Verna. Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó wo àwọn igi tó ń dúró dè é lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbà yẹn ló tó yé e pé Arlene kò ní wá mọ́.